Ta Ni Apànìyàn Inú Ọkàn? Àyẹ̀wò Tíọ́rì Ìtúpalẹ̀ Ọkàn lórí Ìpara-ẹni, láti Mẹ́kà dé Abẹ́òkúta

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 2024, ooru tí wọ́n wọ̀n ní Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú Mẹ́kà dé 51.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹtàlélógún, ìjọba Sáúdí Arébíà kéde pé 1,301 ènìyàn ni ó kú nígbà Háájì ọdún náà, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún wọn, mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni kò ní ìwé àṣẹ Háájì. Ẹni tí kò ní ìwé yìí kò ní ẹ̀tọ́ sí bọ́ọ̀sì tí a ṣètò fún àwọn arìnrìn-àjò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sinmi nínú àgọ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ní Míná àti Árífà. Ẹsẹ̀ ni ó fi rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn tí kò ní ibòji.

Láàrin àwa Yorùbá tí a jẹ́ Mùsùlùmí, àdúrà kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà tí ó bá ń lọ sí Mẹ́kà: bí ọjọ́ òun bá pé, kí ó pé sí ilẹ̀ mímọ́. Bí ìròyìn bá dé Ìbàdàn tàbí Ìlọrin pé ìyá àgbà kan kú sí ìrìn-àjò náà, a ó sunkún, ṣùgbọ́n a ó tún gbọ́ tí àwọn ará àdúgbò ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé orí ìyá wọn dára, pé ilẹ̀ Mẹ́kà ni ó gbà á. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìwé kan wà tí ó ṣeé ṣe kí ó kà á mọ́ àwọn tí ó pa ara wọn.

Ìwé náà ni Man Against Himself, tí Karl Menninger, oníṣègùn ọpọlọ ní ìlú Topeka ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1938. Menninger kò fi orúkọ ìpara-ẹni mọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní àwọn kan ń pa ara wọn díẹ̀díẹ̀: ọ̀mùtí wà lára wọn, ẹni tí ó ń fìyà jẹ ara rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn wà lára wọn, ajẹ́rìíkú náà kò gbẹ́yìn. Kódà, àwọn ìjàm̀bá kan wà tí ó kà sí ohun tí ọkàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láìjẹ́ pé ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí mọ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó rí: ìfẹ́ láti pa ènìyàn, ìfẹ́ kí a pa òun, àti ìfẹ́ láti kú. Èmi ni mo ń fi òṣùwọ̀n Menninger wọn ìyá wa. Òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n náà kí ẹ wò ó: arúgbó tí ó ta ilẹ̀, tí ó wọ inú oòrùn lọ pẹ̀lú ara tí kò le mọ́, tí ó sì ti gbàdúrà nípa ikú kí ó tó kúrò nílé. Kí ni yóò yọ ọ́ sílẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé tíọ́rì tí kò lè yọ ìyá yìí sílẹ̀ kò tíì sọ ohunkóhun fún wa nípa ẹni tí ó pa ara rẹ̀ ní tòótọ́. Níbi tí tíọ́rì náà sì ti sọ ohun tí a lè dán wò, ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí a ti dán an wò, kò sì yege.

Ohun tí wọ́n sọ ní Vienna

Ní 1910, àwọn onítúpalẹ̀-ọkàn péjọ ní Vienna láti jíròrò lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba ẹ̀mí ara wọn. Níbẹ̀ ni Wilhelm Stekel ti gbé èrò kan kalẹ̀ tí ó di gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà: pé kò sí ẹni tí yóò pa ara rẹ̀ àfi ẹni tí ó ti kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹlòmíràn kú. Sigmund Freud ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n má tíì dájọ́. Ní 1917 ni ó tó tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ọ̀fọ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jáde. Ó ní ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ mọ ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú ń bú. Freud tẹ́tí sí èébú náà, ó sì ní kò bá aláìsàn náà mu tó bí ó ti bá ẹlòmíràn mu, ẹni tí ó fẹ́ràn tàbí tí ó ti fẹ́ràn rí. Ẹni náà ti wọ inú aláìsàn lọ, ó ti di apá kan rẹ̀, ìkórìíra tí kò rí ọ̀nà jáde sì ti yíjú sínú. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń pa ara rẹ̀ ń pa ẹlòmíràn tí ó gbé inú rẹ̀. Ní 1920 Freud fi ìfẹ́ ikú kún àlàyé yìí; ní 1923 ó fi adájọ́ inú ọkàn kún un, adájọ́ òǹrorò tí kì í dárí jini.

Mi ò ní fojú tín-ín-rín wo èrò yìí. Ẹni tí ó bá ti jókòó nílé ọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ wa rí mọ̀ pé ìbínú àti ìfẹ́ a máa gbé pọ̀. Opó a máa bá ọkọ tí ó ti kú jà: ó ní kò dágbére, ó ní ó dá òun dá ẹrù ọmọ, ó ní ó fi òun tọ́rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé gbangba ni ó ti ń sọ ọ́, lójú àwọn àna, lójú àwọn tí ó wá kí i, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó dákẹ́. Freud nílò ìbínú tí ó fara pamọ́, nítorí pé ọgbọ́n rẹ̀ dá lórí ṣíṣí ohun tí ó fara pamọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìbínú náà kò nílò atúmọ̀.

Ó yẹ kí a tún rántí pé Freud fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ 1917 náà pé àwọn aláìsàn tí òun gbé ọ̀rọ̀ òun lé kò pọ̀, àti pé òun kò sọ pé ohun tí òun rí kan gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ó gbàgbé ìjẹ́wọ́ yìí. Wọ́n tún gbàgbé pé alààyè ni gbogbo ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lórí àga oníṣègùn. Òkú kì í wá sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí a mọ̀ jù lórí tíọ́rì yìí ni èyí tí Karl Popper fi kàn án nínú ìwé rẹ̀ ti 1963. Ó fi ọkùnrin méjì ṣàpẹẹrẹ: ọ̀kan ti ọmọdé sínú omi kí ó lè kú, èkejì bẹ́ sínú omi láti gba ọmọ náà là tí òun fúnra rẹ̀ sì fi ẹ̀mí dí i. Freud lè ṣàlàyé àwọn méjèèjì láìlàágùn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni. Bí olóògbé bá jẹ́ oníjà, a ní ìbínú rẹ̀ ni ó pa á. Bí ó bá jẹ́ oníwà tútù, a ní ìbínú tí ó gbé mì ni. Adolf Grünbaum kò gbà fún Popper pátápátá. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1984, ó ní àwọn apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ Freud tí a lè dán wò, ó sì ní ẹ̀rí tí wọ́n gbé e lé kò tó láti gbé e dúró. Ti Grünbaum ni èmi náà ń ṣe, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá Abẹ́òkúta.

Ìdánwò ní ilẹ̀ wa

Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé J. C. Carothers jáde, oníṣègùn tí ó ti ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Nairobi. Carothers sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà, pé wọn kì í dá ara wọn lẹ́bi, àti pé ìpara-ẹni kò wọ́pọ̀ láàrin wọn. Òun kọ́ ni ó dá ìtúpalẹ̀ ọkàn sílẹ̀, ìdí mìíràn sì wà tí ó ń tọ́ka sí, títí kan ọ̀nà tí ọpọlọ gbà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bá ti Vienna mu wẹ́kú. Bí ìpara-ẹni bá ti ọ̀dọ̀ adájọ́ inú ọkàn wá, tí ìpara-ẹni sì ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà, a jẹ́ pé adájọ́ náà kò dàgbà nínú ọkàn ọmọ Áfíríkà. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìtàn àwọn aláìsàn díẹ̀ ní Vienna ti di ẹ̀rí pé odindi ilẹ̀ kan kò ní ẹ̀rí ọkàn.

Láàrin ọdún mẹ́wàá, ilé náà wó. Ní 1960 M. J. Field tẹ ìwé jáde lórí àwọn tí ó ń wá sí ojúbọ òrìṣà ní abúlé Àṣáńtì. Ó rí àwọn obìnrin tí ó ń wá fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni àwọn, pé àwọn ni ó pa ọmọ, pé àwọn kò yẹ ní ẹni tí ń wà láàyè. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni èyí, ìdára-ẹni-lẹ́bi sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn oníṣègùn funfun kò rí àwọn obìnrin yìí nítorí pé ojúbọ ni wọ́n ń lọ, wọn kì í lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí Alexander Leighton àti Adéoyè Lámbò ṣe káàkiri abúlé agbègbè Abẹ́òkúta, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1963. Wọ́n ríi pé Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí ó dúró fún àìsàn yìí, ṣùgbọ́n tí a bá ka àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àìróorun-sùn, ẹkún, oúnjẹ tí kò wọ ọ̀fun mọ́, ayé tí ó súni, àwọn ará abúlé mọ̀ wọ́n dáadáa. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹnikẹ́ni tí ó ń fi ìwé atúmọ̀-èdè wá ọkàn ènìyàn.

Ti iye àwọn tí ó pa ara wọn ńkọ́? Tọ́lánì Asuni, tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Arò, tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nínú British Medical Journal ní 1962. Iye tí ó rí kò tó ẹyọ ẹnìkan nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn lọ́dún. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba Carothers là lè di iye yìí mú. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè bí òkú kan ṣe ń di nọ́ńbà nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó kú irú ikú yìí, a kì í sin ín bí a ti ń sin àwọn yòókù. Ètùtù wà, ìtìjú wà, àwọn ẹbí a sì fẹ́ kí a sọ pé àìsàn ni. Lábẹ́ abala 327 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn, ẹni tí ó gbìyànjú tí kò kú lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ta ni yóò wá sọ fún ọlọ́pàá? Nọ́ńbà kékeré yìí lè jẹ́ òótọ́ ní apá kan, ó sì lè jẹ́ ìwọ̀n bí àwọn ẹbí ṣe mọ ọ̀rọ̀ bò. A kò lè kọ́ ìtàn adájọ́ inú ọkàn lé e lórí.

Ohun tí Beck rí

Ìdánwò tí ó wù mí jù wá láti ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ kí Freud jàre. Aaron Beck kọ́ṣẹ́ ìtúpalẹ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà, ó sì pinnu ní ìparí ọdún 1950 sí 1959 pé òun yóò fi àlá àwọn aláìsàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì hàn pé ìbínú tí ó yíjú sínú ni ó ń ṣe wọ́n. Ohun tí ó bá nínú àlá wọn kì í ṣe ìbínú. Àdánù ni, ìjákulẹ̀ ni, ẹni tí ó dé ibi tí ó ń lọ tí ilẹ̀kùn sì ti tì. Beck fi ọ̀nà tí ó ti kọ́ sílẹ̀. Ní 1985, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn lórí aláìsàn 207 tí wọ́n ti gbà sí ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n ń ro ikú ara wọn. Láàrin ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, mẹ́rìnlá nínú wọn ti pa ara wọn. Ohun tí ó ti fi púpọ̀ nínú àwọn yìí hàn yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àìnírètí: ìdánilójú pé ọ̀la kò ní dára ju òní lọ.

Ẹ̀rí kan tún wà tí kò ti inú ọkàn ẹnikẹ́ni wá. Ní England àti Wales, nígbà tí wọ́n yí gáàsì ìdáná padà tí kò fi ní oró nínú mọ́, iye àwọn tí ó pa ara wọn lọ sílẹ̀ láti 5,714 ní 1963 sí 3,693 ní 1975. Bí ìfẹ́ ikú bá jẹ́ ohun tí ó jinlẹ̀ bí àwọn onítúpalẹ̀-ọkàn ti wí, tí ó ti ń ba níbẹ̀ láti ìgbà èwe, dídí ọ̀nà kan kò ní ṣe nǹkan kan; ọ̀nà mìíràn ni wọn ìbá wá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò wá a. Wákàtí burúkú kan kọjá lórí wọn, wọ́n sì wà láàyè.

Kí n má ba à dà bí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ kan bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àwọn onísáyẹ́ǹsì náà kò tíì mọ ẹni tí yóò ṣe é lọ́la. Nígbà tí Joseph Franklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 365 ti àádọ́ta ọdún jọ ní 2017, wọ́n ríi pé àwọn ohun tí a fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kí a kàn máa méfò lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì jẹ́wọ́.

Àwa náà ní àlàyé tiwa: ikú yá ju ẹ̀sín. Mo ti gbọ́ tí àwọn onímọ̀ kan ń fi òwe yìí gbéraga sí Freud, bí ẹni pé ó ti yanjú ọ̀rọ̀. Ó sàn ju ti Vienna lọ ní ọ̀nà kan: ojú ará ìlú ni ó ń wò, kì í ṣe ihò inú ọkàn. Ó sì rán wa létí pé ikú tí a fọwọ́ ara ẹni fà kì í ṣe oríṣi kan. Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì kọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò kórìíra nínú ara rẹ̀. Ìlú ni ó ní kí ó lọ sùn. Ṣùgbọ́n òwe kì í ṣe ìwádìí. Ẹni tí ó jẹ gbèsè tí ó ń gbọ́ òwe yìí lójoojúmọ́ lè gbà á bí ìmọ̀ràn.

Padà sí Mẹ́kà, gba Jéddà

Ìyá wa ṣì ń dúró dè wá. Ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ìpara-ẹni, Ànábì sì kọ̀ fún Mùsùlùmí láti máa tọrọ ikú nítorí ìnira. Àdúrà rẹ̀ kò sọ ìgbà. Ibi ni ó sọ. Ìgbà wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tí ó ń sọ pé “bí ọjọ́ mi bá pé” ti fi ọjọ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, ìyàtọ̀ yìí sì hàn kedere nínú èdè tí ó fi gbàdúrà. Tíọ́rì tí ó gbọ́ “ikú” tí kò gbọ́ “bí” kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tí ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kú ní 2024 ni oòrùn, owó Háájì tí ó ju agbára lọ, àwọn aṣojú ìrìn-àjò tí ó ta ìwé ìwọ̀lú lásán bí ẹni pé ìwé Háájì ni, àti ìṣọ́ ojú ọ̀nà Jéddà sí Mẹ́kà, tí ó mú kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa sá pamọ́ fún àwọn tí ìbá fún un ní omi. Bí a bá pè é ní ìfẹ́ ikú, a ti dá òkú lẹ́bi, a sì ti dá aṣojú sílẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn kan wà ní Jéddà tí ikú ara wọn ń wá sí wọn lọ́kàn ní tòótọ́, bí wọ́n ti wà ní Houston àti ní Peckham: ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kú, ọmọ ọ̀dọ̀ tí olówó rẹ̀ gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó jẹ gbèsè nílé tí kò lè padà. Lọ́jọ́ kan ẹnìkan nínú wa, tí ó gbọ́ èdè méjì, lè jókòó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí ògbufọ̀ tàbí bí ọmọ ìlú kan náà. Ohun tí ó bá gbà gbọ́ nípa ìpara-ẹni ni yóò darí ìbéèrè tí yóò béèrè. Bí ó bá gba Stekel gbọ́, apànìyàn ni ó jókòó tì. Abala 327 náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti yí òfin tirẹ̀ padà láti 2011 kí ilé ẹjọ́ lè darí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ilé ìwòsàn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gánà sì fagi lé ẹ̀ṣẹ̀ náà ní 2023. Bí ó bá gba Beck gbọ́, yóò wádìí ohun tí ẹni náà rò pé kò lè yí padà.

Ọ̀pọ̀ wa ń bẹ̀rù láti dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, a ní kí a má fi ẹnu wa fà á. Ìwádìí tí Madelyn Gould ṣe láàrin akẹ́kọ̀ọ́ 2,342 ní ìpínlẹ̀ New York, tí ó jáde ní 2005, fi hàn pé bíbéèrè kò gbin èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, kò sì dá kún ìdààmú wọn. Nínú èdè wa, ọ̀nà tí a fi ń bi àgbà kò nira bí a ti rò. A kì í bi í bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀ kí a tó jókòó. A ó kí i, a ó béèrè oorun, a ó béèrè oúnjẹ, a ó sì wá sọ pé: “Ìyá wa, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Nínú gbogbo ohun tí ojú yín ń rí, ṣé ó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ fọwọ́ ara yín dá ẹ̀mí yín?” Lẹ́yìn náà, a ó dákẹ́ kí ó dáhùn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a kò ní fi í sílẹ̀ ní òun nìkan ní alẹ́ ọjọ́ náà, a ó sì bá a dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.